Ọgbà Ẹja Ìlú Grayling: Ẹjọ́ Ọdún Mẹ́rin Lórí Omi Odò Au Sable

Lọ́dún 2012, ìjọba ìbílẹ̀ Crawford County ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi ọgbà ẹja àtijọ́ kan nílùú Grayling háyà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń sin ẹja trout. Nígbà tó di 2014, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ yìí níwèé àṣẹ pé kó máa sin ẹja tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 300,000 pọ́ọ̀nù lọ́dún. Ẹ̀ka ìlà-oòrùn odò Au Sable ló ń wọ inú ọgbà náà látòkè, inú odò kan náà sì ni omi rẹ̀ ń dà sí nísàlẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀, bí odò ti ń ṣàn lọ, tí èèyàn fi máa dé ibi tí àwọn apẹja ń pè ní Holy Water. Fly nìkan ni wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́, irun àti òwú wé títí tó fi jọ kòkòrò orí omi. Ẹja tí èèyàn bá sì mú níbẹ̀, inú omi ló gbọ́dọ̀ dá a padà sí.

Ẹgbẹ́ Anglers of the Au Sable, ìyẹn àwọn apẹja tó ń jà fún odò náà, dìde tako ìwé àṣẹ náà. Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ tó parí, kì í sì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ló parí rẹ̀.

Irú odò tó jẹ́

Yìnyín ayébáyé tó bo àríwá Michigan mọ́lẹ̀ nígbà kan fi òkìtì yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nígbà tó yọ́. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn lójú ilẹ̀. Ṣe ló máa ń rì wọlẹ̀, tí yóò wá máa sun jáde lẹ́bàá odò ní tútù nini, nígbà ooru àti nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí Au Sable kì í fi í ṣàdédé kún àkúnya, tí kì í sì í gbẹ, tí omi rẹ̀ sì ń tutù tó fún trout nígbà tí odò míì bá ti gbóná kọjá 20°C. Yanrìn yẹn náà ló fà á tí omi odò náà kò fi lọ́ràá. Phosphorus, ìyẹn èròjà tó ń bọ́ ewéko, kéré gan-an nínú rẹ̀, nítorí náà ewédò kò rí oúnjẹ tó láti gbilẹ̀. Orí kókó yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

Orúkọ ẹja ni ìlú náà ń jẹ́. Grayling jẹ́ ẹja tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tó sì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gẹdú wọ inú igbó náà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, wọ́n gé igi páìnì funfun, wọ́n sì ń fi odò gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń là á. Ìgbà ìrúwé, tí yìnyín bá ti yọ́ tí omi sì pọ̀, ni wọ́n ń da gẹdú sómi. Ìgbà yẹn gan-an sì ni grayling ń yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Gẹdú ń ha ìsàlẹ̀ odò, ẹyin ń bá a lọ. Etí odò tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ ń ya lulẹ̀, yanrìn ń bo òkúta, oòrùn sì ń pa omi tó ti wà lábẹ́ òjìji tẹ́lẹ̀. Àwọn apẹja ń pa á ní ìpakúpa. Brook trout àti brown trout tí wọ́n kó wá sínú odò náà sì ń bá a du oúnjẹ àti ààyè. Kò pẹ́ tí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀ tí grayling fi tán nínú Au Sable. Nígbà tí yóò fi di 1940, ó ti tán ní gbogbo Michigan.

Rasmus Hanson, tí òun fúnra rẹ̀ là nídìí òwò gẹdú, ló dá ọgbà ẹja náà sílẹ̀ lọ́dún 1914, pẹ̀lú ìrètí pé wọ́n á fi mú grayling padà bọ̀. Kò ṣeé ṣe. Trout ni ọgbà náà ń sìn nígbẹ̀yìn. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́dún 1926, wọ́n ti í pa ní àwọn ọdún 1960, ó sì wá di ibi ìgbafẹ́ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fún ẹja lóúnjẹ nígbà ìsinmi. Ẹja tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ 300,000 pọ́ọ̀nù.

Ẹgbẹ́ tó ti mọ ẹjọ́ rò

Ní oṣù Keje ọdún 1959, apẹja 16 pàdé nílé George Griffith tó wà létí Au Sable, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá Trout Unlimited sílẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ìjọba ń da ẹja tí wọ́n sìn, tó ti dàgbà tó láti mú, sínú odò kí àwọn èèyàn lè tètè rí nǹkan pa. Wọ́n ní kí ìjọba tún omi ṣe, kí ẹja odò sì máa bí ara rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ti yí ìjọba Michigan lọ́kàn padà débi tó fi dín irú ẹja bẹ́ẹ̀ kù. Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ jù lọ ti ìpínlẹ̀ Montana wá. Àwọn onímọ̀ rí i lórí odò Madison àti O'Dell Creek pé ibi tí wọ́n bá ti da ẹja ọ̀sìn sí ni trout odò fúnra rẹ̀ ti ń dín kù. Lọ́dún 1974, Montana dáwọ́ ẹja dídà dúró nínú odò tí trout ti ń bí ara rẹ̀.

Ọdún 1987 ni wọ́n dá Anglers of the Au Sable sílẹ̀. Rusty Gates, tó ní ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù fly létí odò náà, ló ṣáájú wọn títí ó fi kú lọ́dún 2009. Òfin dídá-ẹja-padà lórí Holy Water, nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ láti Burton's Landing dé Wakeley Bridge, wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jà fún.

Ẹjọ́ méjì tí wọ́n ti rò ṣáájú kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá lò nínú ti ọgbà ẹja. Àkọ́kọ́ ni ti Mason Tract. George Mason, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ́tò, kú lọ́dún 1954, ó sì fi 1,500 éékà ilẹ̀ létí ẹ̀ka gúúsù odò náà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàgọ́ síbẹ̀ fún ọdún 25. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ kànga gáàsì lẹ́bàá ilẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ náà àti Sierra Club, ẹgbẹ́ míì tó ń jà fún àyíká, pe àjọ igbó ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre lọ́dún 2008.

Èkejì ni ti Kolke Creek, odò kékeré kan ní orísun Au Sable, níbi tí ilé-iṣẹ́ epo kan ti fẹ́ máa da omi tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ. Ní oṣù Kejìlá 2010, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Michigan gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, ó sì sọ pé ará ìlú lè pe àjọ tó fúnni níwèé àṣẹ lẹ́jọ́. Kí ọdún 2011 tó dé ìdajì, ilé ẹjọ́ kan náà, tí àwọn adájọ́ inú rẹ̀ ti yí padà lẹ́yìn ìdìbò, wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà ti pa èrò rẹ̀ tì, ẹjọ́ kò sí mọ́. Omi ẹlẹ́gbin kò dé Kolke Creek, èyí tó ṣe pàtàkì jù. Àmọ́ ìlànà tí wọ́n rò pé ó ti dúró ṣinṣin lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ kọ, ilé ẹjọ́ lè fọwọ́ pa á rẹ́.

Ìṣirò tó wà nídìí ìjà náà

Kòtò kọnkéré gbọọrọ ni wọ́n ń sin trout sí nínú irú ọgbà yìí. Omi ń wọlé lápá kan, ó ń jáde lápá kejì, kò sì lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú kòtò kan. Ohun tí ẹja bá yà àti oúnjẹ tí kò bá jẹ ń bá omi lọ. Ìwé àṣẹ yìí fàyè gba nǹkan bíi 8.6 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́, tó jẹ́ nǹkan bíi 32.6 mílíọ̀nù lítà.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹja lè fi bírò àti ìwé ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Pọ́ọ̀nù 300,000 jẹ́ nǹkan bíi 136,000 kìlógíráàmù ẹja. Trout sábà máa ń jẹ oúnjẹ bíi kìlógíráàmù 1.2 kí ó tó fi kìlógíráàmù kan sanra, nítorí náà oúnjẹ ọdún kan á tó 163,000 kìlógíráàmù. Bí phosphorus inú oúnjẹ náà bá jẹ́ 1%, ó di 1,630 kìlógíráàmù. Nǹkan bíi 0.4% ara trout ni phosphorus, èyí tó fi hàn pé 545 péré ló kù sára ẹja. Nǹkan bíi 1,085 kìlógíráàmù ló wọ omi lọ́dún, ìyẹn kìlógíráàmù mẹ́ta lójúmọ́. Tí a bá pín in fún 32.6 mílíọ̀nù lítà, a ó rí 0.09 mílígíráàmù nínú lítà kan omi tó ń jáde. Fún odò tí ọ̀nà tó gbà ń gbé ayé ni pé kò lọ́ràá, iye yẹn pọ̀ jù.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé wọn á kó ìgbẹ́ kí ó tó jáde. Ní ìparí kòtò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àwọ̀n dí ẹja, kí omi lè parọ́rọ́ níbẹ̀, kí ìgbẹ́ rọ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ fà á lọ sínú adágún ìtòrò. Ọ̀nà yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ìdajì phosphorus náà, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀, ti yọ́ sínú omi, kò sí bó ṣe fẹ́ rọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó le lára rẹ̀ máa ń tètè rọ̀ bí kò bá fọ́. Tí ìrù ẹja bá ti rú u, tàbí tó gba inú pọ́ǹpù kọjá, ó á di eruku inú omi tí kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá sì rọ̀ sísàlẹ̀ tí wọn kò tètè fà á kúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú phosphorus inú rẹ̀ padà sómi. Ká sọ pé ìdajì ló le, tí wọ́n sì kó ìdajì èyí tó le yẹn, 814 kìlógíráàmù ṣì ń wọ odò lọ́dún.

Oúnjẹ gan-an ni ibi tí àtúnṣe ti lágbára jù. Bí phosphorus inú oúnjẹ bá wá sílẹ̀ láti 1% sí 0.8%, ohun tó ń wọ odò á wálẹ̀ láti 1,085 sí nǹkan bíi 759, láìtíì kó ìgbẹ́ kankan. Bí wọ́n bá sì bọ́ ẹja lọ́nà tó jẹ́ pé kìlógíráàmù kan oúnjẹ ló ń di kìlógíráàmù kan ẹja, dípò 1.2, ó á di 815. Ẹgbẹ́ tó bá dojú kọ irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó wà lára àpò oúnjẹ kó tó béèrè bí adágún ìtòrò ṣe tóbi tó. Èyí tó dájú jù ni kí omi má jáde sódò rárá, kí wọ́n máa sẹ́ ẹ kí wọ́n sì máa lò ó padà nínú ilé. Owó rẹ̀ ga, ìdí sì nìyẹn tí olówò fi máa ń fẹ́ràn omi odò tó ń ṣàn wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí phosphorus ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Phosphorus kì í pa ẹja. Ewédò àti koríko inú omi ló ń bọ́. Lójú ọ̀sán wọ́n ń tú ọ́síjìn sómi. Lóru wọ́n ń fà á padà, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ sì ń bá wọn fà á. Ìgbà tí ọ́síjìn kéré jù ni kété kí oòrùn tó yọ. Òfin Michigan ní odò trout kò gbọ́dọ̀ ní ọ́síjìn tó dín sí mílígíráàmù 7 nínú lítà kan. Omi tó wà ní 10°C lè gba nǹkan bíi 11.3, ṣùgbọ́n ní 20°C kò lè gbà ju nǹkan bíi 9.1 lọ. Nítorí náà, ní òru oṣù Keje tí omi bá gbóná, àlàfo tó wà láàárín odò àti ìjàngbọ̀n kò ju mílígíráàmù méjì lọ.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń kùnà. Wọ́n á lọ wọn omi ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìwé wọn á sì fi hàn pé kò séwu. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́síjìn àti ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí wọ́n rì sómi, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, ó kéré tán níbi mẹ́ta: lókè ọgbà, nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, àti níbi tó jìnnà díẹ̀ sísàlẹ̀. Kí wọ́n so ó kúrò nílẹ̀ kí yanrìn má bò ó, kí wọ́n sì máa nu ojú rẹ̀, torí ewédò tó bá hù sójú ẹ̀rọ á máa mí síbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á sì di irọ́.

Ti phosphorus tún gbẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò tí wọ́n fi ọṣẹ tó ní phosphate fọ̀ ti ba àyẹ̀wò jẹ́ kí wọ́n tó bu omi. Ásíìdì ni wọ́n ń fi ṣan án. Omi tí wọ́n bá bù, wọ́n á kán ásíìdì sí i, wọ́n á gbé e sínú yìnyín ní nǹkan bíi 4°C títí á fi dé ilé àyẹ̀wò, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n sì béèrè iye tó kéré jù tí ilé àyẹ̀wò náà lè rí. Bí tiwọn kò bá lè rí ohun tó wà lábẹ́ 0.05 mílígíráàmù, gbogbo odò tútù tó mọ́ ni èsì rẹ̀ á jẹ́ “kò sí nǹkan kan”, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá iye náà ti di ìlọ́po méjì.

Kòkòrò ìsàlẹ̀ odò náà jẹ́ ẹlẹ́rìí, bí wọ́n bá ń kà wọ́n níbì kan náà, ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún. Stonefly ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ekòló àti ìdin á wá pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi Hexagenia, mayfly ńlá tó ń jáde lálẹ́ ní ìparí oṣù Kẹfà lórí Au Sable, ṣe ìwọ̀n. Inú ẹrẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ ihò gbé fún ọdún kan sí méjì. Ó lè pọ̀ lọ́dún tí àwọn tó ń gbé lórí òkúta ti ń tán lọ.

Àrùn ni ìbẹ̀rù kejì. Whirling disease máa ń ba egungun ọmọ trout tí kò tíì le jẹ́, ẹja á máa yí pòyì, kò ní lè jẹun. Ohun tó ń fà á, Myxobolus cerebralis, gbọ́dọ̀ gba inú ekòló Tubifex kọjá kí ó tó lè ran ẹja, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lọ́ràá sì ni ekòló yìí ti ń gbilẹ̀. Ọgbà tó kún fún ẹja lókè, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ odò, ń pèsè oúnjẹ fún ekòló náà, ó sì tún lè pèsè àrùn náà fúnra rẹ̀.

Bí ẹjọ́ ṣe lọ

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà. Àkọ́kọ́, wọ́n ta ko ìwé àṣẹ náà níwájú adájọ́ ìṣàkóso, níbi tí àwọn onímọ̀ ìhà méjèèjì ti wá jẹ́rìí. Èkejì, wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ ń fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ ọgbà náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìgbafẹ́ ará ìlú ni kí wọ́n fi ṣe. Ẹgbẹ́ náà ní òwò ẹja ńlá kò bá àdéhùn yẹn mu. A gbóríyìn fún èrò kejì yìí gan-an, torí ìwé ilẹ̀ kò bìkítà bóyá phosphorus pọ̀ tàbí ó kéré, kò sì nílò onímọ̀ tó máa jiyàn lé e lórí.

Lọ́dún 2017, ọ̀gá àjọ àyíká fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà, ó kàn fi àwọn àdéhùn tó le sí i kún un ni. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti pàdánù. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ti ìwé ilẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ń náwó lórí agbẹjọ́rò, kò sì lè mú ọgbà náà gbòòrò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní 2018 ìhà méjèèjì jókòó, wọ́n sì parí rẹ̀: ilé-iṣẹ́ náà kúrò, ẹgbẹ́ náà sanwó, ó sì gba ìwé ìháyà ọgbà náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ọ̀sìn ẹja fún títà kò ní wáyé níbẹ̀ mọ́. Ọgbà náà ṣì ń ṣí fún àlejò nígbà ooru, pẹ̀lú ẹja díẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó tí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n bá jà dà bí ìtẹríba. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdájọ́ Kolke Creek, ìwé ìháyà tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ dára ju ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ mìíràn lè yí padà lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tà á fún wọn lówó tí wọ́n lè san, bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ omi àti ẹjọ́ méjì ti sọ òwò náà di ẹrù tó wúwo.

Ìwé ìháyà kò dí ọ̀nà fún gbogbo ọ̀tá. Lọ́dún 2016, bí ẹjọ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́, wọ́n rí ìgbín New Zealand mudsnail nínú Au Sable. Kò ju mílímítà márùn-ún lọ, ọ̀kan ṣoṣo lè bímọ láìsí akọ, ẹja tó bá gbé e mì sì lè yà á jáde láàyè. Bàtà àti ṣòkòtò ìwọdò ló ń gbé e láti odò dé odò. Bleach, oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kò ṣeé gbára lé, torí ìgbín náà máa ń ti ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà létí odò, títí kan abẹ́ rẹ̀ àti inú okùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí bàtà náà sùn mọ́jú nínú fíríísà, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi gbígbóná tó tó 49°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí wọ́n sá a títí inú rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá kí wọ́n tó wọ odò míì.